Mílíọ̀nù 7 ló wà lọ́wọ́ mi: ṣé ilẹ̀ Ìbẹ̀jú ni kí n rà, àbí ti Mọníyà?

Télọ̀_Agége
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láì dá sí i, ṣùgbọ́n ó ti kàn mí báyìí. Télọ̀ ni mí ní Agége, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ. Mo gba owó mi jáde nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ìyàwó mi fi tiẹ̀ kún un, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ mílíọ̀nù 7. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀ o. Ọmọ mẹ́ta la bí, èyí ẹ̀gbọ́n fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀.

Àjẹ́ńtì kan mú mi lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ẹlẹ́kọ, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. 300 sqm (mítà onígun mẹ́rin), mílíọ̀nù 6 ààbọ̀, wọ́n ní mo lè san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12. Ó ní kó tó pé ọdún méjì, yóò di ìlọ́po méjì, nítorí ilé ìfọpo Dangote àti èbúté tuntun yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan náà tún mọ ẹbí tó ń ta ilẹ̀ lápá Mọníyà n'Ìbàdàn, pílọ́ọ̀tì kan ní mílíọ̀nù 3. Ẹ̀gbọ́n tèmi wá ní kí n má ra ilẹ̀ kankan, pé ká jọ kọ́ self-contain mẹ́rin sórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ká máa gbowó ilé.

Ìyàwó mi ní ká jẹ́ kí owó jókòó sí báńkì. Kí lẹ rí sí i?

Alágbàtà_Ṣàngótẹ̀dó
Bọ̀dá Télọ̀, ẹ má rò ó títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn tó ń gbé Lẹ́kí Phase 1 lónìí, àfọ̀ ni wọ́n rà nígbà náà, àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èbúté Lẹ́kí ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, ilé ìfọpo ti ń fọ epo láti 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn níbo ni wọ́n máa sùn? Excision ilẹ̀ tí ẹ wò yẹn (kí ìjọba dá a padà fún ìlú) ti wà in process. Tó bá jáde pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní lè sún mọ́ owó ẹ̀ mọ́.

Awọnlẹ̀_Ìkòròdú
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ "in process" yẹn, torí òun ló ń fún wa níṣẹ́, òun náà ló ń pa àwọn oníbàárà wa lẹ́kún.

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni ìjọba Èkó ti gbẹ́sẹ̀ lé tipẹ́. Tí ìlú kan bá fẹ́ kí wọ́n dá díẹ̀ padà fún òun, yóò kọ̀wé, wọn yóò wọ̀n ọ́n, gómìnà yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Ìgbà tó bá wọ gásẹ́ẹ̀tì ni excision tó wáyé. Ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́tà lásán ni. Lẹ́tà míì ti wà ní Aláúsá láti ìgbà tí èmi ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ṣì ń pè é ní in process títí di òní. Ìlú lè béèrè fún éékà 100 kí ìjọba fún un ní 20, kí ilẹ̀ tí ẹ rà sì wà nínú 80 tó kù.

Ìgbẹ́sẹ̀lé ìjọba náà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní global, ó ṣì ṣeé bẹ̀, ìjọba lè tú u sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní committed, ìjọba ti mọ ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, ẹ ò lè fi owó tàbí ẹ̀bẹ̀ rí ìwé gbà lórí ẹ̀. Ojú lásán ò sì lè fìyàtọ̀ sí méjèèjì. Igbó kan náà ni, ejò kan náà ló wà ńbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n) ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àjẹ́ńtì. Tó bá ní kò sí, ẹ san owó fún awọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín wá (kì í ṣe tiwọn), kó lọ gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀, kó kó nọ́ńbà coordinate wá (òun ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà gan-an), kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General fún charting, kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba. Owó tí ẹ máa san ò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n owó ilẹ̀.

Àti pé 300 sqm yẹn, ṣé ẹ mọ bó ṣe tó? Pílọ́ọ̀tì kíkún l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bí 670 sqm. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ò tó àbọ̀. Pílọ́ọ̀tì Ìbàdàn jẹ́ ẹsẹ̀ 50 sí 100, nǹkan bí 465 sqm. Ìlànà ìkọ́lé tún ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lọ fi téèpù télọ̀ yín wọn ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Télọ̀_Agége
Ọ̀gá awọnlẹ̀, téèpù tèmi ò ju ínṣì 60 lọ o 😅 Ẹ ṣeun gan-an. N ò mọ̀ pé pílọ́ọ̀tì ju pílọ́ọ̀tì lọ.

ÌyáÌbejì_Manchester
Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí. Bọ̀dá Télọ̀, ẹ ṣọ́ra fún "ó máa di ìlọ́po méjì". Tèmi di ìlọ́po méjì, mo sì pàdánù.

2021 ni mo fi £6,000 ránṣẹ́ sílé. Nǹkan bí ₦650 ni a ṣẹ́ pọ́n-ùn kan nígbà náà, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù 3.9. Mo fi ra ilẹ̀. Ní 2024 oníbàárà kan fẹ́ gbà á ní mílíọ̀nù 9. Gbogbo ilé ń kí mi kú oríire. Mo mú kákúlétọ̀: pọ́n-ùn kan ti sún mọ́ ₦2,000, mílíọ̀nù 9 ò ju £4,500 lọ. £1,500 ti lọ, n ò tíì ka owó àjẹ́ńtì àti ti lọ́yà mọ́ ọn.

Náírà lẹ fi ń jẹun, náírà lẹ fi ń sanwó ilé-ìwé, nítorí náà ìṣirò yín lè má rí bíi tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé owó ilẹ̀ lọ sókè, ẹ bi í pé mélòó ni àpò ìrẹsì kan nígbà yẹn, mélòó ni báyìí.

Ẹ gba èyí náà mọ́ ọn. Mo fowó fẹ́ǹsì ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí a jọ mu ọmú kan náà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, fẹ́ǹsì dúró ṣámúṣámú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó fi òmíràn ránṣẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ ẹ. Páànù pupa ni mo rí lórí ilé tó wà lẹ́yìn nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ewéko ni mo rí nínú ìkejì. Ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ilẹ̀ tí ẹ lè gbé ọkọ̀ lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, ó ní iye tirẹ̀ tí àjẹ́ńtì kì í kọ sórí bébà.

Ọmọ_Mápó
Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti ń dé Mọníyà láti June 2021, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ lè jí l'Ágége, kí ẹ wọ reluwé, kí ẹ débi ilẹ̀ yín kóòrùn tó mú.

Àmọ́ o, ẹ béèrè ibi tí ọ̀nà àyíká Ìbàdàn gbà. 110 kìlómítà ni gbogbo ọ̀nà yẹn, ìjọba sì ní ilẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀. Bí wọ́n bá ní "ẹ̀bá ọ̀nà tuntun gan-an ló wà", ẹ bi wọ́n pé ẹ̀bá ni àbí inú. Ẹ má sì bá ọmọkùnrin kan ṣoṣo dúnàádúrà lábẹ́ igi. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ bá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wọn, nílé.

Agbẹjọ́rò_Arẹ̀mọ
Mọ́gàjí nìkan náà ò tó. Ohun tí ẹjọ́ ti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí ni pé: bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà yẹn, bí ẹni tí kò rà ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láì bá àwọn abẹnugan ojúlé yòókù sọ ọ́, ó dúró lẹ́sẹ̀ kan, ọmọ ẹbí tí kò fara mọ́ ọn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n wọ́gi lé e. Nítorí náà olórí ẹbí yóò fọwọ́ sí i, ojúlé kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fo àwọn obìnrin. Mo ti rí ẹjọ́ tí ọmọ obìnrin tó wà nílé ọkọ dá sílẹ̀, tó sì borí.

Ọ̀rọ̀ kejì. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹ̀tọ́ láti lò ó ni àwa ní. Ó lè gba ẹ̀tọ́ yẹn padà fún iṣẹ́ ìlú. Tó bá gbà á, ilé, igi àti ohun tí ẹ ti ṣe sórí ilẹ̀ ni yóò san owó fún. Ti ilẹ̀ gan-an, owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọn yóò dá padà. Ẹni tó ra ilẹ̀ lásán ní mílíọ̀nù 6 ààbọ̀, tó fi sílẹ̀ fún koríko pé ó ń dàgbà, kò sí ohun gidi tí òfin fún un lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó wà ní ojú ọ̀nà Èkó sí Calabar ní 2024 rí i bí katakata ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àní ìwé ìjọba pàápàá ò ní kí ẹ sùn fọnfọn. Ẹ rántí ẹ́sítéètì Magodo Phase 2 l'Ékòó. Àwọn onílé Ṣáńgíṣà tí ìjọba wó ilé wọn ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá wọn láre ní 2012, pé kí wọ́n fún wọn ní pílọ́ọ̀tì 549. December 2021 ni ọlọ́pàá wọ inú ẹ́sítéètì láti wá mú ìdájọ́ ṣẹ. Àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀, tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, jí wọ́n bá àmì pupa lára ògiri. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà, kí lọ́yà yín sì lọ tú ìwé ilé ẹjọ́ wò.

Télọ̀_Agége
Orí mi ti ń yí o. Ti Abẹ́òkúta wá ń kọ́, lọ́yà? Bàbá wa ló ni ín, kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Arẹ̀mọ
Ẹ̀yin gan-an ni ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Ṣé bàbá ṣe ìwé ìhágún? Ṣé wọ́n ti pín in? Bí wọn ò bá tíì pín in, ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹ lè kọ́lé síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí ẹ máa gbé e, ṣùgbọ́n ẹ ò lè dá a tà, ẹ ò sì lè fi yáwó. Ọmọ mélòó ni bàbá bí?

Télọ̀_Agége
Mẹ́sàn-án. Ìyá mẹ́ta.

Agbẹjọ́rò_Arẹ̀mọ
Hmm.

Bíríkìlà_Ọ̀tà
Mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀. Lọ́yà ti fi "hmm" dá ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ilé kíkọ́, ìyẹn ló yé mi. Self-contain mẹ́rin, láì ṣe àṣejù, pẹ̀lú kànga, sókàwéè àti iná, ẹ kò lè rí i ṣe ní ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 16 lọ́wọ́ tèmi. Mílíọ̀nù 7 yín àti ohun tí ẹ̀gbọ́n yín bá mú wá á gbé yín dé lẹ́ńtà, ìyẹn orí fèrèsé. Ẹ lọ wo ojú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò, ẹ ka ilé tó dúró sí lẹ́ńtà, irin ta jáde lórí wọn, ewúrẹ́ ń sùn nínú pálọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ni wọ́n. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, nígbà tó di February 2024 àpò kan ń kọjá 10,000. Mo ní oníbàárà kan tó ra irin sílẹ̀, kò ra sìmẹ́ńtì, ìpẹtà ti jẹ irin yẹn tán.

Ká tiẹ̀ ní ẹ parí ẹ̀. Ká ní yàrá kan ń wọlé ní 250,000 lọ́dún, mẹ́rin jẹ́ mílíọ̀nù 1. Ọdún 16 kí owó tó padà, bí ayálégbé ò bá lọ, bí òrùlé ò bá jò. Owó ilé á máa lọ sókè, lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe náà ò ní dúró dè é.

Ìyá_Onílé_AbúléẸ̀gbá
Bíríkìlà, ẹ sọ òótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má dẹ́rù bà á jù. Yàrá mẹ́fà mi ló rán ọmọ méjì níléèwé. Ohun tó le níbẹ̀ ni èèyàn. L'Ékòó níbí, òfin 2011 ní n ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Tí ẹni tó ń san lọ́dọọdún bá ní òun ò lọ, tí kò sí àdéhùn míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni, lẹ́yìn náà ti ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù. Ọ̀kan nínú wọn lo ọdún kan àtoṣù mẹ́rin lórí mi láì san kọ́bọ̀. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Mummy". Mi ò lè bínú sí i, n ò sì rí owó gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ilé, kó máa gbé nítòsí ilé ọ̀hún. Abẹ́òkúta ti jìnnà sí Agége fún ìyẹn.

AkọwéBáńkì
Ìyàwó Bọ̀dá Télọ̀ ló gbọ́n jù lọ nínú gbogbo wa títí di ìsinsìnyí, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìnáwó yunifásítì máa dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ kì í ṣeé gé bí àkàrà, ẹ ò lè ta ẹsẹ̀ mẹ́wàá nínú ẹ̀ kí ẹ fi san school fees. Ẹni tó bá fi ìkánjú ta ilẹ̀, olùrà ló ń sọ iye tó fẹ́ san.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpamọ́ lásán o. Ní March 2024 èlé Treasury bills ọlọ́dún kan (owó tí a yá ìjọba) kọjá 21%. Ó ti wálẹ̀ látìgbà náà. Ìyẹn náà ò sì jẹ́ èrè gidi, nítorí ní December ọdún yẹn, ọ̀wọ́n gógó ọjà wà ní 34.8%. Ó kàn ní kí owó má tètè gbẹ ni, ẹ sì lè rí i mú lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́. Owó kékeré lè gba inú money market fund (àpò tí wọ́n ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sí) wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ jẹ nínú owó ilé láì rí ojú ayálégbé, REIT (ìpín nínú àpò owó tó ní ilé tí wọ́n fi ń gbowó) wà lórí pákó ìdókòwò l'Ékòó, UPDC REIT ti wà níbẹ̀ láti 2013. Olùrà ẹ̀ kì í pọ̀, iye tó ń tà kì í sábà tó iye àwọn ilé tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa wá béèrè owó fáńdéṣọ̀n lọ́wọ́ yín.

Alágbàtà_Ṣàngótẹ̀dó
Gbogbo yín ti fi ẹ̀rù pa ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni Dangote béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó wọ igbó?

Awọnlẹ̀_Ìkòròdú
Ìjọba Èkó ló fún un nílẹ̀, ọ̀gá mi. Nínú Free Zone, agbègbè òwò tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Pẹ̀lú ìwé.

*Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn náà*

Télọ̀_Agége
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo jábọ̀.

Mo gba ẹ̀dà sọ́fè lọ́wọ́ àjẹ́ńtì tèmi (kì í ṣe ti orí ibí o). Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń sọ pé ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá òun. Mo mú awọnlẹ̀ ọ̀tọ̀ dání, a lọ. Pílà mẹ́rin (òpó sìmẹ́ńtì tí awọnlẹ̀ fi ń sàmì sí igun ilẹ̀) ló wà lórí bébà, méjì la rí lórí ilẹ̀. Ìkẹta wà lábúlé, lábẹ́ agbada ìyá kan tó ń yan gààrì. Pílà yẹn àti òkúta méjì ni ìyá fi ṣe àdògán. Nọ́ńbà pílà ṣì wà lára ẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Mo kí ìyá, wọ́n ní àwọn ọmọ ló gbé e wá láti inú igbó, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin. Wọ́n bu gààrì fún mi.

Awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹ̀ kalẹ̀, ó kó coordinate, ó gbé e lọ sí Aláúsá. Àbájáde ẹ̀ dé lánàá: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà wọ inú committed. Ìyókù tó mọ́, kò gba yàrá kan àti ìyẹ̀wù. Owó tí mo ná lórí ọkọ̀, awọnlẹ̀ àti charting jẹ́ 185,000. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ni mo fi san án, n ò sì bá a jiyàn.

Mílíọ̀nù 4 ti lọ sí money market fund, ti school fees nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bínú sí mi lórí ti Abẹ́òkúta. Mo ní kó pe àwa mẹ́sàn-án jókòó ká pín in ná, ó ní ṣé mo fẹ́ tú ilé bàbá ká ni.

Mo lọ sí Mọníyà náà. Mọ́gàjí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ojúlé mẹ́rin ni wọ́n, mẹ́ta wà níjókòó. Ìkẹrin, obìnrin ni àgbà wọn, wọ́n ní Ìlọrin ni wọ́n wà, wọ́n ní kí n san owó ná, pé ìyá ò ní ṣe wàhálà. Lọ́yà, ṣé kí n san díẹ̀ kí wọ́n má baà tà á fún ẹlòmíì?

Agbẹjọ́rò_Arẹ̀mọ
Rárá. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, tàbí kí ẹ dúró kí wọ́n dé. Awọnlẹ̀ yín náà kò tíì tẹ ilẹ̀ yẹn.

ÌyáÌbejì_Manchester
Ẹ mú gààrì ìyá yẹn dání lọ fún wọn n'Ílọrin 😂

Alágbàtà_Ṣàngótẹ̀dó
Bọ̀dá, ẹ má bínú, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Mo ní òmíì ní Ẹ̀pẹ́, mílíọ̀nù 2.8. Eléyìí ti wọ gásẹ́ẹ̀tì o, kì í ṣe in process.

Télọ̀_Agége
Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ bá mi fi nọ́ńbà gásẹ́ẹ̀tì, ojú ewé tó wà, àti coordinate ilẹ̀ ránṣẹ́. Tí ẹ bá ti rí wọn, a máa sọ̀rọ̀ owó.